Ta Ni Yóò Wẹ Ìfẹ́dayọ̀?

Ọyẹ́ ọdún yẹn kò fi ojú àánú wo ẹnikẹ́ni ní Ṣábẹ̀ẹ́. Ó gbé eruku rẹ̀ láti àríwá wá, ó fi bo àwọn òkè títí tí ẹni tó dúró ní àdúgbò Plateau kò fi rí wọn mọ́, lẹ́yìn náà ló wá sọ̀kalẹ̀ sára ènìyàn. Ètè ń là. Gìgísẹ̀ àwọn àgbẹ̀ sán bí ilẹ̀ ẹ̀bá odò tí omi ti fi sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín a kọ́kọ́ fi ahọ́n tọ́ ètè wò, kí ẹ̀rín má baà di ẹ̀jẹ̀. Ọyẹ́ kì í bèèrè ọmọ ẹni tí èèyàn ń ṣe kó tó fi ẹfun kùn ún lára.

Àárín ọyẹ́ yìí ni Ìfẹ́dayọ̀ yan láti wá sáyé. Àkọ́bí Ọládélé ni, Ọládélé tó ń tún alùpùpù ṣe lẹ́bàá títì. Hélène ìyàwó rẹ̀, tíṣà tí ìjọba gbé láti Pòbẹ́ wá sí Ṣábẹ̀ẹ́, ló bí i. Ọmọ náà sanra, ó dúdú, ó ń dán, ohùn rẹ̀ sì lè jí ará ilé kẹta.

Kò sí ẹni tí inú rẹ̀ dùn tó ti Ìyá Ọládélé. Láti ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ ti gbéyàwó ló ti ń sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún gbogbo obìnrin tó bá bá pàdé nídìí ẹ̀rọ omi. "Ọwọ́ mi yìí," á na ọwọ́ méjèèjì síwájú, "ọwọ́ mi yìí ni yóò wẹ àkọ́bí Ọládélé." Boni ni wọ́n ti bí i, níbi tí igi emi pọ̀ sí, kò sì sí ohun tí kò mọ̀ nípa òrí. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣa èso emi, òun ló gún un, tó lọ̀ ọ́, tó pò ó títí ọ̀rá fi léfòó funfun bí ìfófòó ọṣẹ. Ó rọ ọ́ sínú igbá kan, ó fi ewé bo ojú rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Igbá Ìfẹ́dayọ̀ ni, kí Ìfẹ́dayọ̀ tó ní orúkọ.

Àmọ́ kì í ṣe obìnrin kan ṣoṣo ló ń di ìyá àgbà lórí ọmọ kan. Ọmọ kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí tákísì fi dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí Ìyá Hélène sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú àpò ńlá méjì àti ìgò àdín tí kò ṣeé kà. Àwọn ará Pòbẹ́ ló ni ọ̀pẹ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yan èkùrọ́ tí wọ́n fi ń yọ àdín, òróró dúdú tí òórùn rẹ̀ dà bí ti nǹkan tó jóná díẹ̀. Hélène nìkan lọmọbìnrin tó ní. Òun náà ti na ọwọ́ tirẹ̀ hàn àwọn obìnrin nídìí kànga Pòbẹ́.

Wọ́n kí ara wọn, wọ́n dì mọ́ra wọn. Ìyá Hélène wá ṣí ìgò kan, Ìyá Ọládélé sì fa imú.

"Àdín yín dára, àna mi," ni Ìyá Ọládélé wí. "Bí ẹ bá ti fi pa ọmọ lára, a ò ní nílò àtùpà mọ́. Imú la ó fi máa wá a."

"Òrí tiyín náà dára, ìyá," ni èkejì dá a lóhùn. "Èéfín tó wà nínú rẹ̀ ti jẹ́ kí n mọ̀ pé wọ́n ń se oúnjẹ dáadáa ní Boni."

Hélène tó dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn di ojú bí ẹni tó ń sùn. Tíṣà ni, ó mọ bí a ṣe ń pín nǹkan fáwọn tó ń jà. Ó ní kí ìyá òun máa wẹ ọmọ ní àárọ̀ kí ó fi àdín pa á, kí ìyá ọkọ òun sì máa wẹ̀ ẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ kí ó fi òrí pa á. Àwọn méjèèjì ní ó dáa. Àwọn méjèèjì sì gba ibẹ̀ lọ pẹ̀lú ojú ẹni tí wọ́n fún ní ìdajì ohun tó jẹ́ tirẹ̀ lódindi.

Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, àdín kò jáde nínú ìgò. Òtútù ọyẹ́ ti mú un dì gbagidi. Ìyá Hélène dojú ìgò délẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n, ó lù ú ní ìdí, àdín kò mira. Ó di dandan kó gbé e sẹ́bàá iná. Ìyá Ọládélé ń gbálẹ̀ nítòsí, ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀, orin tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó wà nílé ló gbọ́ ohun tó ń wí.

Bí ọjọ́ ti ń lọ, ara Ìfẹ́dayọ̀ kò dán mọ́. Ó kọ́kọ́ funfun díẹ̀ ní ojúgun, bí ẹni pé èlùbọ́ ló dà sí i. Lẹ́yìn náà, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bó, ìpàkọ́ rẹ̀ le koko, gbogbo ibi tí ara ti ń ká lọ́mọdé sì ń là wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí aṣọ bá ti kàn án, á ké. Ìyá Ọládélé á gbé e, á fi àtàǹpàkò tọ́ apá rẹ̀, awọ náà á máa dún lábẹ́ ìka rẹ̀ bí ewé gbígbẹ.

Ó mọ ohun tó fà á. Àdín ni. Òróró ìlú olójò, kí ló mọ̀ nípa ọyẹ́ Ṣábẹ̀ẹ́?

Nítorí náà, bí Ìyá Hélène bá ti jáde lọ ra àkàsà, tí Hélène sì ti sùn, Ìyá Ọládélé á gbé ọmọ lọ sẹ́yìnkùlé. Á bu omi gbígbóná, á mú ọṣẹ dúdú àti kàn-ìn-kàn-ìn, á bọ́ gbogbo àdín kúrò lára rẹ̀ pátá, á wá fi òrí pa á. Kò ka èyí mọ́ ìwẹ̀. Ìwẹ̀ ní àkókò tirẹ̀, orin tirẹ̀, nínà ọwọ́ àti nínà ẹsẹ̀ tirẹ̀. Èyí kàn jẹ́ fífọ̀. Ẹni tó fọ ìdọ̀tí kúrò lára ọmọ kò dalẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé imú Ìyá Hélène mú bí ti ajá ọdẹ.

Àmù omi ilé náà ń gbẹ kíákíá nígbà yẹn. Lálaalẹ́ ni Ọládélé ń pọnmi kún un, bó bá sì fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ìdí àmù ti ń dáhùn. "Ẹ jọ̀ọ́," ló bi wọ́n lálẹ́ ọjọ́ kan, "ṣé à ń sin ẹja nínú ilé yìí ni?" Ìyá rẹ̀ wo òkè. Ìyá ìyàwó rẹ̀ wo ilẹ̀. Hélène ní omi ọyẹ́ kì í pẹ́, afẹ́fẹ́ ló ń mu ún.

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ba aṣọ ọmọ níbi ìgbọ̀nwọ́, Hélène ní ó tó gẹ́ẹ́. Gbogbo wọn dìde, wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn, Ọládélé níwájú, àwọn ìyá méjèèjì lẹ́yìn, ọ̀kan di báàgì ọmọ mú, èkejì di agboòrùn mú, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun kò ṣe nǹkan kan.

Agbẹ̀bí tó gba ẹ̀bí Hélène, obìnrin kan tó ń jẹ́ Laure, yẹ ọmọ wò láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

"Ìgbà mélòó lẹ ń wẹ̀ ẹ́ lójúmọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì," ni àwọn ìyá méjèèjì fi ẹnu kan dáhùn. "Àárọ̀ kan, ìrọ̀lẹ́ kan."

"Nínú ọyẹ́ yìí, ẹ̀ẹ̀kan náà ti tó. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì kò lè sọ ọ́ dà báyìí." Laure tún yí apá ọmọ padà. "Kí lẹ fi ń pa á lára?"

"Òrí."

"Àdín."

Ẹnu kan náà ni wọ́n tún fi sọ ọ́. Àwọn obìnrin tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín, ọ̀kan nínú wọn tó gbé ìbejì lẹ́yìn ní òun á fẹ́ràn kí òun rí irú ogun bẹ́ẹ̀ nínú ilé tòun.

Laure náà rẹ́rìn-ín. Ó ní òrí dára, àdín dára, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé ara ọmọ yìí kọ ọ̀kan. Kí wọ́n fi ọ̀kan sílẹ̀ ná, kí wọ́n wò ó. Ó sì kìlọ̀ pé kí omi ìwẹ̀ má gbóná, kí wọ́n sì máa fi òróró pa ọmọ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì tutù, kí òróró lè há omi mọ́ awọ. Ó wá kọjú sí Hélène: "Ìwọ náà, máa mu omi. Mo ń wo ètè rẹ."

"Èwo ni ká fi sílẹ̀?" ni Hélène bi ọkọ rẹ̀.

Ọládélé wo ìyá rẹ̀. Ó wo ìyá ìyàwó rẹ̀. Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Ó ní òun fẹ́ lọ wo alùpùpù òun níta bóyá wọ́n ti jí i.

Ìyá Ọládélé rí i pé ọmọ òun fẹ́ wọlẹ̀. Onílé ni òun, ẹni tó wá láti ọ̀nà jíjìn sì ni èkejì. "Ẹ fi tèmi sílẹ̀," ló wí pẹ̀lú ẹ̀rín. "Òrí kì í bà jẹ́. Á dúró de àsìkò rẹ̀." Ìyá Hélène dúpẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń lọ sílé, inú Ìyá Ọládélé ń hó bí emi tó wà lórí iná. Gbogbo àwọn obìnrin orí bẹ́ǹṣì yẹn ló mọ̀ ọ́n. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìròyìn á ti dé ìdí ẹ̀rọ omi pé òrí Ìyá Ọládélé ni ara ọmọ kọ̀. Ta ló máa tún gbé ọmọ tuntun fún un wẹ̀? Àti pé ọmọ yìí gan-an, tí òun ti ń retí láti ọjọ́ yìí wá, wọ́n á máa fi òun ṣe ẹni tí ń di agboòrùn mú.

Bí èèyàn bá wà nínú irú ìgbóná inú bẹ́ẹ̀, ó máa ń rò pé òun ń ro nǹkan. Ìyá Ọládélé rò ó títí, ibi tó sì parí rẹ̀ sí ni pé kí òun túbọ̀ máa fọ àdín kúrò. Ó ń fọ̀ ọ́ dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òrí díẹ̀ tí kò ju ẹ̀wà kan lọ ló wá ń fi sẹ́yìn etí ọmọ àti abẹ́ apá rẹ̀, níbi tí ojú kò tó. Ara ọmọ sì ń burú sí i.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Wọn kò sọ ohun tó yẹ ká ṣe bí àgbà bá jẹ́ méjì lọ́jà, tí ọ̀kan ń tún orí ọmọ ṣe sọ́tùn-ún, tí èkejì ń tún un ṣe sósì.

Ní ọ̀sán ọjọ́ ọjà, Ìyá Hélène ní òun ń lọ kí ará ìlú òun kan ní àdúgbò Adido. Ìyá Ọládélé ní òun náà ń lọ sọ́jà. Ó rìn dé ibi tí ọ̀nà ti yà, ó dúró, ó ṣe bí ẹni tó gbàgbé nǹkan, ó sì padà. Hélène ń sùn nínú yàrá. Ẹní ọmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ kò sí lórí rẹ̀.

Ó gbọ́ ìró omi lẹ́yìnkùlé.

Ìyá Hélène ló jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, Ìfẹ́dayọ̀ wà lórí itan rẹ̀, ìfófòó ọṣẹ bò ó dé ọrùn. Bàsíà omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ooru ń jáde nínú rẹ̀.

"Ìyá Hélène."

Obìnrin náà kò fò. Ọṣẹ nìkan ló já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ káàsán, àna mi."

"Ẹ ti ti Adido dé?"

"Ẹ̀yin náà ti ti ọjà dé?"

"Ọmọ yìí kò ha ti wẹ̀ láàárọ̀?"

"Ó ti wẹ̀. Èyí kì í ṣe ìwẹ̀. Mo kàn ń fọ òrí kúrò lára rẹ̀ ni."

"Òrí wo? Ṣebí a ti fi òrí sílẹ̀."

"Èyí tó wà lẹ́yìn etí. Èyí tó wà lábẹ́ apá. Mo ti darúgbó, ìyá, ṣùgbọ́n imú mi ṣì jẹ́ ọmọge."

Ìyá Ọládélé fìdí lé odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. "Láti ìgbà wo lẹ ti ń fọ̀ ọ́?"

"Láti ọjọ́ tí ẹ ti ń fi òrí pa á. Bí ẹ bá ti wẹ̀ ẹ́ tán lálẹ́, tí ẹ lọ gbádùn oúnjẹ yín, èmi á tún gbé e wá síbí."

"Èmi náà ń fọ àdín. Bí ẹ bá ti lọ ra àkàsà."

Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n wo ọmọ. Ọmọ náà wo àwọn méjèèjì, ó sì sín.

"Àárọ̀ yín," ni Ìyá Ọládélé bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, "fífọ̀ tèmi. Ìrọ̀lẹ́ tèmi. Fífọ̀ tiyín."

"Pẹ̀lú ọṣẹ."

"Pẹ̀lú omi gbígbóná."

"Mo lo kàn-ìn-kàn-ìn pẹ̀lú," ni Ìyá Hélène wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Òrí yín kì í tètè kúrò."

"Ẹ ṣeun. Àdín yín náà le."

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá Hélène ló kọ́kọ́ bú sí i, ejìká rẹ̀ ń mì, ó sì rọra di ọmọ mú kó má baà yọ̀. Ìyá Ọládélé fi ìró bo ẹnu, ẹ̀rín náà gba imú jáde. Ọwọ́ ọ̀tún ń wẹ òsì, òsì ń wẹ ọ̀tún, bí ọwọ́ ṣe ń mọ́ nìyẹn. Àwọn wọ̀nyí ti fọ ọwọ́ ara wọn títí ó fi kù díẹ̀ kí wọ́n bó ọmọ láwọ.

Hélène ti jí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tó ti dé ibẹ̀. Kò pariwo. Ó da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí ọmọ lára, ó wé e sínú aṣọ, ó gbé e mọ́ àyà. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ọṣẹ, ó mú kàn-ìn-kàn-ìn.

"Àwọn ẹlòmíràn kò ní ìyá kankan tó lè bá wọn wẹ ọmọ," ló wí. "Èmi ní méjì, ọmọ mi sì fẹ́ bọ́ awọ bí ejò. Ó parí. Ìwẹ̀ kan lójúmọ́. Ẹnì kan ni yóò máa wẹ̀ ẹ́. Èmi kọ́ ni mo máa yan ẹni náà o. Ẹ̀yin ni àgbà."

Ó wọlé. Ẹ̀rín tán lẹ́yìnkùlé.

Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, àwọn ìyá méjèèjì jọ wọ ilé ìdáná. Wọ́n bẹ iṣu, wọ́n gúnyán, wọ́n jẹ ẹ́, oníkálukú ń fi ẹran tó dára jù sí iwájú èkejì. Ìyá Ọládélé ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọwọ́ tó ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ kárí àdúgbò. Bí ó bá ní òun ló máa wẹ ọmọ, kò sẹ́ni tó máa bá a jà. Ilé ọmọ rẹ̀ ni, ọmọ ọmọ rẹ̀ ni. Ó la ẹnu lẹ́ẹ̀kan láti sọ ọ́. Ó rí àna rẹ̀ tó ń ṣẹ́ ìpẹ́pẹ́ funfun kékeré kan kúrò lára aṣọ ọmọ, tó ń wò ó lórí ìka bí ẹni tó ṣèèṣì fọ́ àwo ẹlòmíràn.

"Ẹ̀yin ni kí ẹ máa wẹ̀ ẹ́," ló wá wí.

Ìyá Hélène gbé ojú sókè. "Kí lẹ fi pa mọ́ sínú ọ̀rọ̀ yẹn?"

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ máa padà sí Pòbẹ́ láìpẹ́. Èmi ni mo máa kù pẹ̀lú rẹ̀, tí á máa sáré kiri, tí á máa fọ́ ìkòkò mi. Bí mo bá gba ìwẹ̀ yìí lọ́wọ́ yín, kí lẹ fẹ́ gbé délé?"

Ìyá Hélène ká aṣọ ọmọ lé itan. Ó ní: "Agbẹ̀bí sọ pé kí òróró kàn án kí omi tó gbẹ. Nínú ọyẹ́ yín yìí, kí n tó nu ọwọ́ mi, omi ti gbẹ. Ta ni yóò máa gbà á lọ́wọ́ mi?"

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Inú yàrá ni wọ́n ń wẹ̀ ẹ́ báyìí, wọ́n á ti ilẹ̀kùn kí atẹ́gùn má wọlé. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kò sí kàn-ìn-kàn-ìn, ọwọ́ lásán. Ìyá Hélène á bomi sí i lára bí ẹni tó ń rin ọ̀gbìn, á gbé e sókè, á ní "Ẹ gbà á o," Ìyá Ọládélé á sì ti yọ́ òróró láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, á gbà á bí omi ti ń kán lára rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi pa á láti ọrùn lọ sílẹ̀. Òróró àti omi á jọ wọ awọ lọ. Ọmọ náà á na ara, á ya ẹnu, kí wọ́n tó dé orúnkún rẹ̀ á ti sùn. Láti ìgbà tí Ìyá Ọládélé ti ń wẹ ọmọ, kò rí èyí tó sùn mọ́ ọn lọ́wọ́ báyẹn. Ó wá rí i pé inú omi lọmọ ti ń ké, inú òróró ló ti ń sùn. Ibi ẹkún ló ti ń bá Ìyá Hélène du tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òróró wá kù. Wọn kò lè fi í sílẹ̀ láìdán an wò, ará Boni àti ará Pòbẹ́ kọ́ ni. Wọ́n fẹnu kò pé òrí ni yóò máa gba apá ọ̀tún ọmọ láti orí dé ẹsẹ̀, kí àdín máa gba òsì. Láràárọ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ sójú fèrèsé, tí wọ́n á na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, tí wọ́n á tẹjú mọ́ ọn bí àwọn tó ń ra àgbò.

"Ọ̀tún ń dán jù."

"Ẹ̀yìn yín ni oòrùn wà, ìyá. Ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ mi kí ẹ wò ó."

Ojúgun ọ̀tún tẹ́jú. Ojúgun òsì tẹ́jú. Ọrùn ọwọ́ méjèèjì san pa pọ̀. Ìpẹ́pẹ́ tán lára ọmọ, ara rẹ̀ padà dúdú, ó ń dán bí kóró iṣin tuntun tí kò tíì kan ilẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè fi ìka tọ́ka sí ibi tí òrí parí sí tí àdín ti bẹ̀rẹ̀. Ó dun àwọn méjèèjì díẹ̀. Ọládélé fúnra rẹ̀ ti ń jí òrí fi sí ètè, ó ń jí àdín fi sí gìgísẹ̀, ó ní òun kò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ àgbà.

Nígbà tí wọ́n padà sọ́dọ̀ Laure, ó gbé Ìfẹ́dayọ̀ sókè, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. "Ó dára o. Èwo lẹ wá fi sílẹ̀ nínú méjèèjì?"

Àwọn ìyá méjèèjì wo ara wọn.

"Ọṣẹ," ni Ìyá Ọládélé dáhùn.

Nígbà tó yá, tákísì tún dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Hélène gbé àpò rẹ̀ wọ inú ọkọ̀, òrí kún igbá kékeré kan nínú àpò náà. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má rò ó sí nǹkan kan, ìgbọ̀nwọ́ òun nìkan ló wà fún. Ìyá Ọládélé dúró lójú títì títí eruku ọkọ̀ fi rọlẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìwẹ̀ wá di tirẹ̀ lódindi. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó kọ orin tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti ìgbà ìgbéyàwó, ó bomi sí ọmọ lára, ọmọ ń rẹ́rìn-ín sí i láìní eyín kan lẹ́nu. Ó wẹ̀ ẹ́ tán, ó gbé e sókè, omi ń kán lára rẹ̀, ó sì nà án sí ẹ̀gbẹ́.

"Ẹ gbà á o, àna mi."

Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣófo. Ọmọ wà lókè, omi ń gbẹ lára rẹ̀. "Ọládélé!" Ọládélé sáré wọlé, gíríìsì alùpùpù dé e ní ìgbọ̀nwọ́. "Kì í ṣe ọwọ́ yẹn, jọ̀ọ́. Padà síta." Ó ku Hélène. Hélène wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín, tẹlifóònù wà ní etí rẹ̀, ó gbé tẹlifóònù náà sórí àpótí, ó sì na ọwọ́ gba ọmọ rẹ̀.

"Ṣé wọ́n ti wẹ̀ ẹ́?" ni ohùn Ìyá Hélène ń bèèrè láti Pòbẹ́. "Ẹ yára o, àna mi, kó tó gbẹ."

"Ó ṣì tutù," ni Ìyá Ọládélé wí. Ó yọ́ òrí láàárín àtẹ́lẹwọ́, ó fi pa apá ọ̀tún ọmọ láti ọrùn dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sẹ́bàá iná, níbi tó ti gbé ìgò àdín kan sí láti ìdájí kó lè yọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ òsì.